Adájọ́ Tí Ó Yan Òkun fún Aya Rẹ̀

Gbóyèga, jẹ́ kí n pa ìtàn kan fún ọ kí n tó dá ọ lóhùn. Ọkùnrin kan wà tí ó fi púpọ̀ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ àwọn ẹlòmíràn. Adájọ́ ni. Olóòótọ́ ènìyàn sì ni. Kò gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ rí, kì í pẹ́ dé kóòtù, bẹ́ẹ̀ ni kì í gbé ohùn sókè sí ẹnikẹ́ni. Ó ní aya kan, ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni obìnrin náà. Bí ó bá ti wọ ọgbà ilé ìwé rẹ̀ láàárọ̀, àwọn ọmọ á dákẹ́, àwọn olùkọ́ pàápàá á tún aṣọ ara wọn ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọ ilé ọkọ rẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ló máa ń kù lẹ́nu rẹ̀: "Bí ẹ bá ti wí náà ni."

Àwọn ẹbí ọkọ yìn ín títí. Ìyá ọkọ rẹ̀ a máa fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ìyàwó ilé yòókù. Adájọ́ náà a sì máa sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé láti ìgbà tí àwọn ti fẹ́ra, àwọn kò tíì jà rí. Kò parọ́. Ẹnìkan kì í dá nìkan jà.

Nígbà tí ara adájọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í di ara àgbà, dókítà ní kí ó máa lúwẹ̀ẹ́ nítorí orúnkún rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, omi sì dùn mọ́ ọn. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ nípa àwọn amòòkùn. Kì í ṣe amòòkùn tí òwe ní ó ń jalè ni mò ń wí o. Àwọn tí mò ń wí ni àwọn tí ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń wọ bàtà pẹlẹbẹ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, tí wọ́n ń fi gíláàsì bojú, tí wọ́n á wá sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ òkun kí wọ́n lè fojú kan ẹja nínú ilé rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹja, ọjà kò kúkú jìnnà. Ṣùgbọ́n ohun tó wu ènìyàn ló ń ṣe.

Adájọ́ wá olùkọ́ kan, òun àti aya rẹ̀ sì jọ kọ́ ìmòòkùn nínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì kan. Gbogbo ènìyàn rò pé nítorí ọkọ ni obìnrin náà ṣe bá a kọ́ ọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi náà dùn mọ́ ọn ju bí ó ṣe dùn mọ́ ọkọ rẹ̀ lọ. Ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé nísàlẹ̀ omi, kò sí ẹni tó ń pe òun ní ọ̀gá, kò sì sí ẹni tó ń pe òun ní ìyàwó wa.

Ohun kan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Etí rẹ̀ kan kì í tètè là. O mọ bí etí ṣe máa ń dí bí mọ́tò bá ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè gíga. Bí omi ṣe ń di etí amòòkùn nìyẹn, àfi pé ti omi ń dunni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí obìnrin yìí bá sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, tí ó dúró, tí ó di imú rẹ̀ mú tí ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i, etí náà á là, á tún lè sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kán an lójú, awọ inú etí lè ya. Olùkọ́ wọn kìlọ̀ fún un gidigidi. Ó ní bí awọ etí bá ya ní ìsàlẹ̀ òkun, òòyì á kọ́ ènìyàn débi tí kò ní mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ mọ́, ibẹ̀ sì ni ẹlòmíràn máa ń gbà lọ sọ́run.

Obìnrin náà sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Á là tó bá yá." Ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀.

Nígbà tó ṣe, adájọ́ fẹ̀yìn tì. Ó ní ó tó àkókò kí àwọn lọ lo ìsinmi ní òkun gidi, kí àwọn kúrò nínú omi hòtẹ́ẹ̀lì. Ó wádìí káàkiri, ó sì rí erékùṣù méjì tó gba ọkàn rẹ̀.

Ọ̀kan wà ní apá ìlà oòrùn ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín. Àpáta iyùn ló yí omi ibẹ̀ ká bí ọgbà, omi inú rẹ̀ sì dákẹ́, ó mọ́ gaara. Àwọn ẹja kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi ló kún inú rẹ̀. Ènìyàn lè sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀ bí ó ṣe fẹ́, kó dúró bí ó ṣe fẹ́.

Èkejì jìnnà, ó wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Íńdíà lọ́hùn-ún. Níbẹ̀, erékùṣù méjì kọjú sí ara wọn, ọ̀nà omi jíjìn kan sì la àárín wọn kọjá. Bí òkun bá ń wọlé tàbí tó ń jáde, àárín yẹn ni gbogbo omi ń gbà, bí àgbàrá òjò ṣe ń gba ojú gọ́tà. Nítorí ìṣàn yìí ni àwọn ẹja ekurá ṣe ń péjọ síbẹ̀, àwọn ẹja ńlá tí eyín wọn dà bí ayùn. Wọ́n ní kò sí ohun tí amòòkùn lè rí tó tún ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n a kì í fara balẹ̀ wọ ibẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá ti kúrò nínú ọkọ̀, ìsàlẹ̀ tààrà ni, kíákíá, kí omi má baà gbé ọ lọ sí agbami.

Adájọ́ kó ẹ̀rí jọ bí ẹni tó ń kọ ìdájọ́. Ó bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ti rìnrìn àjò púpọ̀ léèrè. Ọ̀rẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ti àkọ́kọ́ yẹn, ibi tí wọ́n ń kó ọmọdé lọ ni. Èkejì ni ibi àgbà." Ọ̀rọ̀ yìí wọ adájọ́ lára. Mo ti rí i pé bí ọkùnrin bá ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò sí ohun tó ń tètè gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì bíi kí wọ́n ní ibi kan kì í ṣe fún ọmọdé.

Ó kó àwòrán erékùṣù méjèèjì sórí tábìlì oúnjẹ, ó pe aya rẹ̀. Obìnrin náà mú àwòrán omi tó dákẹ́ yẹn, ó wò ó, kò sì tètè gbé e sílẹ̀. Adájọ́ rí i pé ó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ìyẹn dára fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ti ọ̀hún yìí ló yẹ wá, àbí?"

Aya rẹ̀ gbé àwòrán náà sílẹ̀. "Bí ẹ bá ti wí náà ni, Bàbá Mojí."

Lọ́jọ́ kejì, adájọ́ sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun àti ìyàwó òun ti fẹnu kò. Má rẹ́rìn-ín, Gbóyèga. N kò tíì dé ibi tí mò ń lọ.

Wọ́n dé erékùṣù náà. Òwúrọ̀ kejì, ọkọ̀ ojú omi gbé wọn lọ sí ẹnu ọ̀nà omi jíjìn yẹn. Tọkọtaya òyìnbó kan wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú wọn, àwọn méjèèjì ti darúgbó, ọkùnrin náà tilẹ̀ ń fi ọ̀pá rìn lórí ilẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin díẹ̀ tún wà níbẹ̀ tí ara wọn ti yá gágá. Obìnrin kan, ọmọ bíbí erékùṣù náà, ni olórí wọn. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní yàrá aláìsàn lọ, síbẹ̀ gbogbo wọn ló ń gbọ́ ọ.

Ó ní, "Òfin tiwa níbí kò pọ̀. Méjì méjì la ń wọ omi. Ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù ni gbogbo ọkọ̀ ń bá rìn. Ẹnikẹ́ni ló sì lè ní òun ò lọ, nígbàkúùgbà, a ò ní bi í pé kí ló dé."

Adájọ́ mi orí. Ó yí sí aya rẹ̀, ó ní, "Òfin tó mọ́gbọ́n dání ni."

Olórí bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n ti ṣe tán. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ní àwọn ti ṣe tán tipẹ́. Adájọ́ ní òun ti ṣe tán. Ó kan aya rẹ̀. Obìnrin náà kọ́kọ́ wo ojú ọkọ rẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Mo ti ṣe tán."

Olórí rí ibi tí ojú rẹ̀ gbà. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí a ṣe ń ṣe é níbí. Ẹ dìde. Kí oníkálukú kọ ẹ̀yìn sí ẹnìkejì rẹ̀, kó kọjú sí òkun. Ẹ wo omi yẹn dáadáa, ẹ má wo èèyàn kankan. Ẹni tí kò bá fẹ́ wọ ibẹ̀ lónìí, kó gbé ọwọ́ lé àyà."

Wọ́n dìde. Omi ń ho lọ níwájú wọn. Olórí rìn yí ọkọ̀ ká, ó padà sí ìdí ẹ́ńjìnnì, ó ní, "Ẹ jókòó. A ò wọ ibẹ̀ lónìí. Inú ọ̀sà là ń lọ."

Ojú adájọ́ yí padà. Ó ní, "Ta ni?"

"A kì í béèrè, sà."

"Ẹ ní ẹ kì í béèrè kí ló dé. Èmi ò béèrè kí ló dé. Ta ni ni mo béèrè."

Olórí ní, "Ìyẹn náà, a kì í béèrè." Ó wá fi kún un pé, "Ẹja ò tíì pa àlejò mi kankan rí, sà. Ìtìjú ló ti fẹ́ pa mélòó kan." Ó sì yí ọkọ̀ padà.

Wọ́n mòòkùn nínú ọ̀sà, níbi tí omi ti dákẹ́. Aya adájọ́ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, etí rẹ̀ sì là. Ó rí ẹja kékeré kan tó ń gbé láàárín koríko òkun, ẹja náà yọ jáde, ó dojú ìjà kọ adájọ́, ó ń lé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Inú obìnrin náà dùn débi pé ẹ̀rín fẹ́ gba afẹ́fẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Adájọ́ kò tilẹ̀ rí ẹja náà. Apá ibi tí ọ̀nà omi jíjìn wà ló kọjú sí ní gbogbo àkókò yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún lọ. Wọ́n tún dìde, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn. Olórí tún rìn yí ká. Ó tún ní inú ọ̀sà ni.

Adájọ́ kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó dá kóòtù sílẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà. Eléyìí kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan. Ó wo àwọn ọ̀dọ́kùnrin, ó dá wọn sílẹ̀. Ti aya rẹ̀ kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn rárá, nítorí pé àwọn ti fẹnu kò nílé. Òyìnbó arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn ló kù. Ẹ̀wọ̀n já lé e lórí.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo wọn jókòó ti oúnjẹ, adájọ́ yí sí arúgbó náà. Kò pariwo. Mo ti sọ fún ọ pé kì í gbé ohùn sókè. Ó ní, "Sà, kò sí ohun tó burú nínú kí èèyàn gbà pé òun ti dàgbà. Ohun tí kò dáa ni kí ẹnìkan máa dá gbogbo ọkọ̀ dúró nítorí ẹ̀rù."

Arúgbó náà gbé ṣíbí sílẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Kì í ṣe èmi o."

Adájọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tó ti máa ń rín sí àwọn ẹlẹ́rìí èké. "Kì í ṣe ẹ̀yin kẹ̀?"

Arúgbó náà na ọwọ́ sí ọ̀pá rẹ̀, ó fẹ́ dìde. Aya rẹ̀ dì í lápá mú. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń wo inú àwo oúnjẹ wọn.

Ìwọ náà mọ irú ilé tí wọ́n ti tọ́ wa. O mọ ohun tó máa ń ṣe ọmọ Yorùbá nínú bí wọ́n bá ń dá àgbàlagbà lẹ́bi nítorí ohun tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ṣe. Obìnrin tí kò já ọkọ rẹ̀ nírọ́ rí, ì báà ṣe nínú kíṣìnnì àwọn méjèèjì, dìde níwájú àlejò.

"Ẹ fi bàbá yìí sílẹ̀, Bàbá Mojí. Èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo gbé ọwọ́ lé àyà. Lánàá àti lónìí." Ó yí sí arúgbó náà, ó tẹ orúnkún ba díẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú sí wa." Ó sì jáde lọ sí etí òkun.

Ojú ti adájọ́. Ojú tì í gan-an. Ó bẹ òyìnbó náà, ó sì bẹ̀ ẹ́ dáadáa, n kò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ lé aya rẹ̀ jáde. Ó bá a lórí ọkọ̀ igi kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sórí iyanrìn. Oòrùn kò tíì wọ̀ tán. Inú tún ń bí i díẹ̀, bí ó ti máa ń bí ẹni tí ọwọ́ tẹ̀.

Ó ní, "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún yín nípa etí mi."

Adájọ́ fẹ́ sọ pé kò sọ ọ́. Ó wá rántí. Ó rántí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò náà pàápàá.

"Àmọ́ mo bi ọ́ nílé. Àwòrán wà lórí tábìlì, mo sì bi ọ́."

"Ẹ ò bi mí. Ẹ sọ fún mi, ẹ wá fi àbí sí i nídìí."

Aya rẹ̀ ń wo omi.

Ó ní, "Omi yẹn bà mí lẹ́rù. Àmọ́ kí n dójú tì yín níwájú àlejò bà mí lẹ́rù jù ú lọ. Obìnrin tí ò mọ̀ mí rí bi mí léèrè, ó ní kí n kọ ẹ̀yìn sí yín, ó sì dúró kí n dáhùn. Ká ní kò ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá Mojí, ǹ bá ti fò."

Ara adájọ́ tutù nini. Ó rí i bí ó ṣe máa rí. Òun fúnra rẹ̀ ni ì bá fa ọwọ́ aya rẹ̀ wọ inú ìṣàn náà. Ó sì mọ ohun tí òun ì bá máa sọ fún àwọn tó bá wá kí òun kú ọ̀fọ̀: pé àwọn méjèèjì ni àwọn jọ fẹnu kò.

Ó jókòó sórí iyanrìn, nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ aya rẹ̀. Ó ní, "Kí ni o fẹ́?"

Obìnrin náà la ẹnu. "Bí ẹ bá ti…" Ó dúró. Ahọ́n rẹ̀ ló dá lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ti mọ́ ọn lára. Adájọ́ kò bá a parí rẹ̀. Kò ní àbí. Kò ka ohun tó lè fẹ́ sílẹ̀ fún un kí ó mú ọ̀kan. Ó di ẹnu rẹ̀, èyí sì ni iṣẹ́ tó le jù tó ṣe láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó pẹ́ gan-an. Oòrùn wọ inú òkun lọ.

Nígbà tí ó yá, obìnrin náà ní, "Mo fẹ́ wọ ibẹ̀."

Adájọ́ gbé ojú sókè.

"Mo fẹ́ rí ekurá yẹn. Ó ti ń wù mí tipẹ́, kí ẹ tó kó àwòrán kankan wá sílé. Àmọ́ mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀ bí etí mi ṣe fẹ́, kì í ṣe bí omi ṣe fẹ́. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, ẹ máa bá àwọn ọmọkùnrin yẹn lọ, èmi á wà nínú ọ̀sà. Inú mi á dùn níbẹ̀. Ẹ má ṣàánú mi."

Kíyè sí i dáadáa, Gbóyèga. Àwòrán omi tó dákẹ́ ni obìnrin yìí dì mú lórí tábìlì. Ká ní adájọ́ tún dá ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú àánú, ì bá ní kí wọ́n palẹ̀ ẹrù mọ́, kí wọ́n lọ sí erékùṣù àkọ́kọ́. Ì bá sì tún ṣì í. Ó rò pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan ni èsì tó wà láyé. Aya rẹ̀ ní èyí tí kò ronú kàn.

Wọ́n lọ bá olórí. Olórí ní àkókò kan wà lójoojúmọ́ tí òkun kì í wọlé tí kì í sì í jáde, tí omi inú ọ̀nà jíjìn náà á dúró jẹ́ẹ́. Ó ní àwọn àlejò kì í fẹ́ àkókò yẹn, nítorí ìṣàn ni ekurá ń tẹ̀ lé, bí omi bá sì dúró, wọn kì í sábà wá. Adájọ́ wo aya rẹ̀. Ó ń dúró de èsì. Obìnrin náà ní, "A máa lọ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n sọ okùn sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ dé ìsàlẹ̀. Obìnrin náà dì í mú, ó ń sọ̀kalẹ̀. Bí etí bá dí, á dúró. Bí ó bá dùn ún, á gòkè díẹ̀, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á tún sọ̀kalẹ̀. Ibi tó bá dúró ni ọkọ rẹ̀ ń dúró, ibi tó bá gòkè dé ni ọkọ rẹ̀ ń bá a gòkè dé. Adájọ́ tí gbogbo kóòtù ti ń dìde fún rí rọ̀ mọ́ okùn bí aṣọ tí a sá. Kò kán an lójú.

Wọ́n dé ìsàlẹ̀. Wọ́n jókòó ti àpáta, wọ́n ń wò. Kò sí ẹja ńlá kankan. Wọ́n ti fẹ́ máa padà nígbà tí aya adájọ́ gbá a lápá mú. Òun ló kọ́kọ́ rí i. Ekurá kan ṣoṣo gba iwájú wọn kọjá, kò yára, ó wò wọ́n bí onílé ṣe ń wo ayálégbé, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá bi adájọ́ léèrè títí di òní bí ẹja náà ṣe tóbi tó, á ní òun ti gbàgbé. Ọwọ́ tó gbá òun lápá mú ni òun rántí.

Ìtàn tán. Ó wá kù sọ́dọ̀ rẹ.

O wá bá mi lónìí nítorí pé èmi ni Ìyá Ìjọ. O ní wọ́n ti fún ọ ní ipò tuntun ní Àbújá, o sì fẹ́ kí n gbàdúrà lé e lórí níwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. O ní ẹ ó kó lọ kí ọdún tó parí. Aya rẹ á pa ilé ẹ̀kọ́ ìránṣọ rẹ̀ dé, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀, tí àwọn ọmọbìnrin ìlú yìí ti ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Mo bi ọ́ pé kí ni òun wí sí i. O ní, "Ó ti gbà, mà." Ẹnu rẹ yá jù, Gbóyèga. Ẹni tó bá gbọ́ èsì gidi lẹ́nu obìnrin á ní nǹkan tó jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ròyìn.

N kò ní Àbújá kò dára. Ìgbéga dára, ẹni tó bá kọ̀ ọ́ láìnídìí kò gbọ́n. Ó lè jẹ́ pé aya rẹ fẹ́ lọ jù ọ́ lọ. Ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ kí o ṣáájú, kí òun fa iṣẹ́ náà lé ẹnìkan lọ́wọ́ ná. Ó lè jẹ́ pé kò fẹ́ rárá, tó sì ti ń sunkún nínú ilé ìwẹ̀. N kò mọ̀. Ìwọ náà kò mọ̀, ohun tí mo sì torí rẹ̀ bá ọ wí nìyẹn. O fẹ́ fa ọwọ́ rẹ̀ wọ inú ìṣàn, o sì ń pè é ní ìfẹnukò.

Nítorí náà, padà sílé. Má lọ méfò ohun tó wà ní ọkàn rẹ̀, kí o má sì lọ ṣàánú rẹ̀. Jókòó síbi tó rẹlẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Bi í pé kí ni ó fẹ́, kí o sì pa ẹnu rẹ dé. Á pẹ́. Jẹ́ kó pẹ́. Bí ó bá ní bí ẹ bá ti wí náà ni, kò tíì dáhùn, má sì bínú sí i, nítorí ìwọ lo kọ́ ọ ní èsì yẹn. Dúró sí i. Bí kò bá lè sọ ọ́ lójú rẹ, kí ó wá sọ ọ́ fún mi, ilé mi ṣí sílẹ̀ fún un.

Àdúrà kò sá lọ. Ìjọ náà kò sá lọ. Ṣùgbọ́n n kò ní gbé ọwọ́ lé orí ẹni méjì nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan sọ. Mo ti gbọ́ tìẹ. Ti aya rẹ ni mò ń dúró dè.